Ìràwọ̀ márùn-ún kò mọ iyán

Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń ṣe áàpù tí yóò máa júwe ilé oúnjẹ fún èèyàn ní Adó-Èkìtì. Ó ń dán gbinrin lójú mi. Lánàá mo gbé e lọ bá màmá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Ọjà Ọba, mo ní kí wọ́n bá mi fi wá ibi tí wọ́n ti lè jẹ iyán ọ̀sán.

Ìka wọn ṣì tutù fún omi ẹ̀fọ́. Wọ́n tẹ fóònù, kò dáhùn. Wọ́n nu ọwọ́ mọ́ ìró, wọ́n tún un tẹ̀. Ìràwọ̀ márùn-ún jáde lára ilé oúnjẹ kan, àmì pé ó dára gan-an.

"Ọmọ mi, ta ló fún wọn ní ìràwọ̀? Ṣé ó jẹun níbẹ̀ ni, àbí àbúrò olóúnjẹ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí. (Àwòrán ọbẹ̀ tó wà níbẹ̀ gan-an, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti mú un. Ẹ má bínú.)

"Iyán yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣì gbóná báyìí?"

N kò ní èsì.

Lálẹ́, mo pa ìràwọ̀ rẹ́. Aago tí wọ́n gún iyán kẹ́yìn ló wà níbẹ̀ báyìí, pẹ̀lú àwòrán tí ẹni tó jẹun yà fúnra rẹ̀. Bọ́tìnì tí màmá tẹ̀ tí kò dáhùn náà ti tóbi sí i. Ọ̀la ni mò ń padà lọ. Màmá ní lọ́tẹ̀ yìí, màá kọ́kọ́ ra ẹ̀fọ́ ná.