Ihò zaï: kí ni ká fi ran àwọn àgbẹ̀ Yatenga lọ́wọ́?

Ilẹ̀ tó ti le gbagidi kì í mu òjò. Ọgbọ́n tí àwọn àgbẹ̀ ẹ̀yà Mossi ní Yatenga, ní àríwá Burkina Faso, ń dá sí i ni ihò zaï, ihò kékeré tí wọ́n ń gbin irúgbìn sí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ: ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 40, ó sì jìn tó 10 sí 20. Ìsàlẹ̀ ibi tí ọ̀gbàrá ń ṣàn lọ ni wọ́n ń kó erùpẹ̀ rẹ̀ sí, kó lè dá omi dúró. Wọ́n á wá da ìgbẹ́ ẹran sínú rẹ̀. Ikán á tẹ̀lé e wá, á sì lu ọ̀nà fún omi láti wọlẹ̀. (Ẹ má fọ́n oògùn ikán o!) Ìgbẹ́ gbọ́dọ̀ jẹrà dáadáa, nítorí èyí tí kò tíì jẹrà máa ń jó irúgbìn. Iṣẹ́ tó le jù níbẹ̀ ni ihò gbígbẹ́ àti ìgbẹ́ kíkó, torí náà kẹ̀kẹ́ ẹrù àti ọkọ́ tó dáa wúlò fún wọn ju ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ.