Bruegel náà ṣe mo gbọ́ mo yà

Ẹ̀yin ará Ẹkìtì kete, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ má bínú, iṣẹ́ òde ló pọ̀, gbogbo Sátidé ni ìgbéyàwó ń wà ní Adó yìí, tí kì í bá ṣe Adó, Ìkéré ni àbí Ìyìn, èmi àti kámẹ́rà ọrùn mi la sì jọ ń lọ.

Ìyá ìyàwó kan ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Mo kó álíbọ́ọ̀mù lọ fún wọn nílé, wọ́n ṣí i títí, wọ́n ní, "Onífọ́tò, mo jó lọ́jọ́ yẹn títí ìbàdí fi ń ro mí, ijó ọ̀hún dà níbí?" Ẹnu mi wọhò. Òótọ́ ni màmá sọ. Gbogbo wọn dúró gbọnyin, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n na ìka méjì sókè.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí wá àwòrán ijó ayé àtijọ́ lórí fóònù, ibẹ̀ ni mo ti rí Pieter Bruegel, ayàwòrán ayé àtijọ́ kan. Apá ibi tí à ń pè ní Bẹ́ljíọ̀m lónìí ló ti ṣiṣẹ́, nígbà tí ibẹ̀ àti Nẹ́dálándì ṣì wà lábẹ́ ọba kan ṣoṣo. Ó ya ijó ìgbéyàwó kan ní nǹkan bí 1566, Detroit ní Amẹ́ríkà ló wà báyìí, èèyàn bíi 125 ló wà nínú ẹ̀. Ẹ wò ó kẹ́ ẹ sún un mọ́jú. Kì í ṣe ojú wọn ló kọ́kọ́ ń dá yín dúró, ìdí ni, ẹ̀yìn ni, aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ẹsẹ̀ tó ti kúrò nílẹ̀ tí ò tíì padà balẹ̀. Ìyàwó fúnra ẹ̀ wọ dúdú torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà yẹn nìyẹn (ẹ dán an wò l'Ẹ́kìtì kẹ́ ẹ wo bí ìyá ọkọ á ṣe figbe ta).

Àwòrán ijó òmíràn tó yà wà ní Vienna, ní Austria, kò pẹ́ lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ tó yà á. Tọkọtaya kan ń sáré bọ̀ láti apá ọ̀tún, ọkọ ń fa ìyàwó lọ́wọ́ bí ẹni pé orin fẹ́ parí kí wọ́n tó dé, bàtà wọn wúwo débi pé ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ tó ń dún gbì nílẹ̀. Lápá òsì, ọ̀gbẹ́ni kan ń fọn fèrè kan tó ní àpò awọ lábẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó kọjú sí i. Àwọn kan ní ṣe ló ń fi wọ́n bú. Èmi ò gbà, ẹni tó ń búni kì í fara balẹ̀ ya bàtà èèyàn báyẹn.

Báwo ló ṣe rí wọn tó bẹ́ẹ̀? Karel van Mander, tó kọ ìtàn àwọn ayàwòrán, kọ ọ́ ní 1604, Bruegel ti kú láti 1569, pé Bruegel àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ Hans Franckert máa ń múra bí àgbẹ̀, wọ́n á gbé ẹ̀bùn dání, wọ́n á lọ sí ìgbéyàwó àwọn ará oko, wọ́n á ní ẹbí ọkọ làwọn, àbí ẹbí ìyàwó. Mo gbọ́ mo yà pọ́ńbélé! Tí van Mander bá parọ́, irọ́ ọ̀hún dùn.

Nígbà tó yá, ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Holland gan-an, àwọn oníwàásù ṣọ́ọ̀ṣì tó ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ Calvin ń bú ijó, síbẹ̀ ayàwòrán kan, Jan Steen, ò dákẹ́ yíyà á. Nínú èyí tó yà ní 1663, ojú ń ti ọmọbìnrin tó ń jó, èèpo ẹyin wà nílẹ̀, Steen fúnra ẹ̀ sì jókòó sídìí tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí àgbọ̀n obìnrin kan. Ayàwòrán mìíràn, Hieronymus Janssens ti Antwerp ní Bẹ́ljíọ̀m, tí wọ́n ń pè ní Oníjó, ijó olówó ni tiẹ̀, gbogbo ẹ̀yìn gún bí igi. Àwọn yẹn mọ̀ pé ẹnì kan ń wo àwọn. Oníbàárà mi pọ́ńbélé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n padà sí ti Detroit. Iwájú ṣòkòtò àwọn ọkùnrin inú ẹ̀ yọ síta gan-an, àṣà ìgbà yẹn ni, ìgbà tó yá ẹnì kan kun ọ̀dà bò ó. Wọ́n ra àwòrán náà ní 1930, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ ni nǹkan tún yọrí. Ẹ̀rín pa mí, torí kò sọ́sẹ̀ kan tí wọn ò ní ní "jọ̀ọ́, bá mi yọ ikùn yìí".

Sátidé tó kọjá ní Ìyìn, mo ki kámẹ́rà bọ àpò, mo jókòó láàárín àwọn àlejò, mo jẹ iyán mi bí ẹbí ọkọ. Nígbà tí gángan gbóná, tí kò sẹ́ni tó rántí mi mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mo ya ẹsẹ̀ ìyá àgbà kan, bàtà kan ti fò lọ, gèlè ti yọ sọ́rùn, yẹ̀rì yọ lábẹ́ ìró. Ọmọ wọn rí i lórí WhatsApp, ó ní kí n pa yẹ̀rì yẹn rẹ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Mo pa á rẹ́. Èyí tí mi ò fọwọ́ kàn wà lórí kọ̀ǹpútà mi.