Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́: Bí A Ṣe Ń Wá Ojúlówó Pósítà Fíìmù

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dára jù láti gbéra ní Ìbàdàn fún irú ìrìnàjò yìí. Ọjọ́ Ẹtì ni ìrun Jímọ̀, Sátidé ni òde ìnáwó, Àìkú ni ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbàlagbà tí pósítà wà lọ́wọ́ wọn la fẹ́ bá nílé. A gba Mọ́níyà kọjá Fìdítì àti Ìlọrà, a wọ Ọ̀yọ́. Nǹkan bíi 50 kìlómítà ni. Láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ náà tún tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí à ń wá ni pósítà tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lánàá.

Ọ̀nà àwọn eléré ni ọ̀nà yìí. Ogúndé gbé fíìmù Aiye jáde ní 1979 àti Jaiyesimi ní 1980. Ọdún 1980 yẹn náà ni Kadara ti Adé Love, Orun Mooru ti Bàbá Sàlá sì tẹ̀ lé e ní 1982. Kì í ṣe ilé sinimá nìkan ni wọ́n ti ń fi irú fíìmù bẹ́ẹ̀ hàn. Wọ́n ń gbé ẹ̀rọ kiri láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń ta aṣọ funfun sí gbọ̀ngàn àti ọgbà iléèwé, pósítà sì gbọ́dọ̀ ṣáájú wọn dé ibẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Lérè Pàímọ́, Ẹ̀dá Onílé Ọlá. Bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ fún àgbàlagbà kan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bí pósítà bá dé ọwọ́ yín, ẹ fi ojú òṣèré sílẹ̀ ná, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Torí pé pósítà kan náà ló máa dé ìlú púpọ̀, àwọn atẹ̀wé máa ń fi àyè funfun sílẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n lè fi báírò, máákà tàbí búrọ́ọ̀ṣì kọ ibi tí wọ́n máa ti ṣe é, ọjọ́, aago àti owó ìwọlé. Àwọn olùkójọ kan fẹ́ràn èyí tí àyè yẹn ṣì ṣófo, wọ́n ní ó mọ́ lójú. A ò gbà. Pósítà tí wọ́n fi ọwọ́ kọ gbọ̀ngàn ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, aago 8 alẹ́, sí lára ti rìn, ó ti ṣiṣẹ́. Púpọ̀ nínú ìrìn àwọn eléré wọ̀nyẹn ni ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé, ìlà báírò yẹn lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tó kù pé fíìmù náà dé ìlú yẹn. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń fi spirit nu báírò kúrò kí bébà lè dà bíi tuntun, ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́ kó dáwọ́ dúró.

Ní Ọ̀yọ́, a kì í béèrè pósítà ní tààrà. Ti olóṣèlú ni wọ́n á tọ́ka sí. Ẹ béèrè ẹni tó ń yá àwọn èèyàn ní káséètì fídíò nígbà kan, ẹni tó ń ya fọ́tò níbi eré, ẹni tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn, àtàwọn tó ń ra bébà àtijọ́ ní kílò láti tà fún alákàrà àti ẹlẹ́pà. Àyíká ọjà Akẹ̀sán lẹ́bàá ààfin àti apá Owódé la máa ń yà sí. Àwọn oníbébà ni kí ẹ kọ́kọ́ bá, torí pé ohun tó bá wọ ọwọ́ wọn kì í pẹ́ tó fi di ohun tí wọ́n fi ń wé ẹ̀pà. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀ fún wọn, kí ẹ sì sọ pé owó tí ẹ máa san ju ti kílò lọ.

Ti àwọn bàbá tó ní ṣọ́ọ̀bù gba sùúrù. “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ̀ ń yá wọn ní fídíò nígbà yẹn.” Ẹ jókòó bí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí wọ́n dárúkọ àwọn fíìmù náà fúnra wọn, ẹ má sì yọ owó síta kí wọ́n tó yọ pósítà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, inú dúrọ́ọ̀ tí wọ́n fi bébà tẹ́ nísàlẹ̀, ẹ̀yìn káńtà: ibẹ̀ ló máa ń wà. Ẹ tún wo ẹ̀yìn férémù fọ́tò àtijọ́. Àwọn tó ń ṣe férémù máa ń gé pósítà tó bá nípọn láti fi ti ẹ̀yìn fọ́tò, torí náà ìdajì pósítà lè wà lẹ́yìn àwòrán ìgbéyàwó ẹnìkan. Tí wọ́n bá gbà kí ẹ tú u, ẹ fi páálí tuntun dípò rẹ̀ níṣojú wọn.

Báwo la ṣe ń mọ ojúlówó? Ẹ mú awò kékeré irú èyí tí àwọn tó ń tún aago ṣe ń fi sójú, tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10. Lára pósítà tí offset, ẹ̀rọ ilé ìtẹ̀wé, tẹ̀, àwòrán jẹ́ àmì tóótòòtó tó tò létòlétò, búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú, tí wọ́n so pọ̀ bí òdòdó kéékèèké. Ti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń fọ́n yíǹkì (inkjet) fọ́n ká láìtò. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀, torí pé ẹni tó fẹ́ tanni lè gbé ẹ̀dà lọ sí ẹ̀rọ offset. Lẹ́tà kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí orúkọ atẹ̀wé wà, ló ń tú àṣírí. Lára ojúlówó, lẹ́tà dúdú jẹ́ yíǹkì tó dì, etí rẹ̀ mọ́. Lára ẹ̀dà tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, lẹ́tà náà fúnra rẹ̀ ti di àmì tóótòòtó, etí rẹ̀ sì rí wúruwùru. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka tọ ojú ìṣẹ́po, ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ bébà. Bí ojú bá rí ìlà ìṣẹ́po tí ìka kò bá a, àwòrán ìṣẹ́po ni, kì í ṣe ìṣẹ́po. Pósítà eré orí ìtàgé tó jẹ́ ti ìgbà tí wọ́n ń fi lẹ́tà òjé tẹ̀wé (letterpress) yàtọ̀ sí gbogbo èyí: ẹ yí i padà, ẹ fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó bá ibi tí lẹ́tà tẹ bébà wọlé.

Ìwọ̀n náà ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ offset KORD 64 tí àwọn atẹ̀wé wa mọ̀ dáadáa kò gba bébà tó ju 46 sẹ̀ǹtímítà sí 64 lọ, GTO 52 kò sì gbà ju 36 sí 52. Bébà tí wọ́n ń pè ní demy, ìǹṣì 17½ sí 22½, wọ KORD rẹ́gí. Bí ẹnìkan bá gbé pósítà tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn wá, tó ní KORD ló tẹ̀ ẹ́, ẹ wá ojú ibi tí wọ́n ti so bébà pọ̀. Bí kò bá sí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dúró. Ní ti iná aláwọ̀ àlùkò (ultraviolet) tí wọ́n ń tà fún àwọn olùkójọ, kò wúlò fún pósítà wọ̀nyí. Ohun tó ń mú bébà tàn lábẹ́ rẹ̀ ti wà nínú bébà láti nǹkan bíi 1950, torí náà ojúlówó 1980 lè tàn bíi ti òní.

Bí kò bá sí ọdún lára rẹ̀, ẹ ka àdírẹ́sì àti owó. Bí owó ìwọlé bá jẹ́ ṣílè, ó ti ṣáájú January 1973 tí náírà dé. “Western State” ti ṣáájú February 1976. Èyí tí a fẹ́ràn jù ni “Òṣogbo, Oyo State”, torí ìlú ọ̀pọ̀ eléré ni Òṣogbo: ó wà láàárín 1976 àti August 1991 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Nọ́ńbà fóònù tó fi 080 bẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ fígọ̀ 11, kò lè ṣáájú 2001. Àmì àjọ tó ń yẹ fíìmù wò, tó ń sọ ọjọ́ orí ẹni tó lè wò ó, kò lè ṣáájú 1993. Ẹ kíyè sí i pé atẹ̀wé lè máa lo àdírẹ́sì àtijọ́ lọ fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà ẹ wá àmì méjì tó bára mu kí ẹ tó kọ ọdún sílẹ̀.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ilé àtijọ́ tó wà ní àgbègbè Takie àti ẹ̀yìn àwọn ọjà la máa ń lọ. Pósítà tó bá ṣì wà lára ògiri, inú yàrá tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa wà. Òjò ti kó ti ìta lọ. Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ baálé ilé kí ọwọ́ yín tó kàn án. Bó bá jẹ́ sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, oríire ni, torí omi ń tú u. Ẹ kọ́kọ́ fi òwú tútù kan igun àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí yíǹkì bá yọ sí òwú, ẹ fi pósítà náà sílẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Bí kò bá yọ, ẹ fín omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ tún fín in, kí ẹ wá ti igi pẹlẹbẹ tàbí ike tó rọ̀ bọ abẹ́ rẹ̀ láti òkè. Ẹ má fà á. Ìgbà tí wọ́n bá fà á ló ń ya, torí bébà tútù kò lágbára. Ẹ tẹ́ ẹ sáàárín aṣọ funfun mímọ́, ẹ gbé pákó lé e, kí ẹ sì máa pààrọ̀ aṣọ náà títí yóò fi gbẹ. Ìwé ìròyìn kò dára fún èyí, yíǹkì rẹ̀ á gbà sí pósítà. Gọ́ọ̀mù olóòórùn tí àwọn tó ń ṣe bàtà ń lò kò mọ omi. Ẹni tó bá fi omi bá a jà, bébà nìkan ló máa bàjẹ́.

Ẹ lè bá pósítà òkèèrè pàdé, ti Índíà, ti Hong Kong tàbí ti Amẹ́ríkà. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ ìǹṣì 27 sí 41 títí di àárín ọdún 1980 sí 1989, lẹ́yìn náà ó di 27 sí 40. Ti Gẹ̀ẹ́sì tó dùbúlẹ̀ jẹ́ 30 sí 40. Ṣíṣẹ́ ni wọ́n ń ṣẹ́ àwọn ti Amẹ́ríkà àtijọ́ kó tó kúrò nílé ìtẹ̀wé, nítorí náà ìṣẹ́po lára wọn kì í ṣe àbùkù.

Sẹ́lótéèpù ni ọ̀tá tó burú jù. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ ń wọ inú bébà, ó ń di pupa bí ilẹ̀, kò sì sí omi tó lè fọ̀ ọ́. Lamination, fífi ike bo ojú rẹ̀, tẹ̀ lé e, torí pé kò ṣeé yọ mọ́. Gígé etí tó ti ya burú bákan náà, bí èèyàn bá gé e, ó ti gé ìwọ̀n tí à bá fi dá a mọ̀ kúrò.

Fún ọ̀nà ilé, ẹ tẹ́ èyí tó bá ń tẹ́ dáadáa sáàárín páálí méjì tó ju ú lọ ní ìǹṣì 2 ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, kí ẹ gbé e lé itan nínú mọ́tò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó o sí búùtù pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo. Èyí tó ti ká, ẹ má tú u nígbà ọyẹ́. Bébà ti gbẹ, ojú ìṣẹ́po ni yóò ti kán. Nílé, ẹ tẹ́ aṣọ tútù sísàlẹ̀ ike ńlá tó ní ọmọrí, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sórí rẹ̀, ẹ gbé pósítà lé nẹ́ẹ̀tì, ẹ dé e. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú títí bébà yóò fi rọ̀. Bó bá pẹ́ jù níbẹ̀, èébu lè bò ó.

Ẹ fi pẹ́ńsù 2B kọ ibi tí ẹ ti rà á, ọjọ́ àti ohun tí ẹni tó tà á sọ sórí bébà ọ̀tọ̀, kí ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má sì kó tuntun mọ́ ti tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ dì í sínú nylon funfun tó mọ́ kedere fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹ máa wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bóyá ìyẹ̀fun tàbí ìgbẹ́ kòkòrò wà nísàlẹ̀. Àwọn kan máa ń dì í ní nylon méjì, kí wọ́n gbé e sínú firísà fún ọ̀sẹ̀ méjì kí kòkòrò kú. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí iná kì í lọ. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, òtútù náà kò ní pẹ́ tó láti pa kòkòrò, bébà á sì máa gba omi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà inú nylon ni kí ẹ lò.