Bougainvillea Tó Ń Rúwé Ṣáá Tí Kò Tanná

Ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ní Bougainvillea máa ń bá wá: ìtàkùn náà ti bo ògiri tán, ewé rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀, àmọ́ òdòdó ò yọjú. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi wọ́n ni pé, "Báwo lẹ ṣe ń bomi rin ín?" Lójú tèmi, bí oòrùn bá ti ń pa á dáadáa, ìkẹ́ àpọ̀jù ni kì í jẹ́ kó tanná. Oòrùn yẹn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn o. Ó kéré tán, wákàtí 6 lóòjọ́, kó sì jẹ́ oòrùn gangan. Èyí tó bá wà lábẹ́ ibòji, kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i.

Gúúsù Amẹ́ríkà ni igi yìí ti wá, ní Brazil, Peru àti Argentina, ó sì lè fara da ọ̀dá. Bí omi bá ń dé ìdí rẹ̀ lójoojúmọ́, á kàn máa rúwé, á máa na ẹ̀ka ni. Èyí tó wà nínú ìkòkò lọ́dọ̀ mi, mo máa ń ti ìka bọ erùpẹ̀ rẹ̀. Bó bá ṣì tutù, mi ò ní bomi sí i. Ìgbà tí ewé orí ẹ̀ka bá fẹ́ máa rọ ni màá tó rin ín, tí omi á fi ṣàn jáde nísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ò kọ́kọ́ gbà. Ó ní, "Àbúrò, ṣé o fẹ́ pa á ni?" Ní báyìí, òun gan-an ló ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n má da omi sí i.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ajílẹ̀. Náítírójìn ló ń mú ewé wá, ìgbẹ́ adìyẹ sì kún fún un. Tó bá jẹ́ ti inú àpò lẹ fẹ́ lò, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lára rẹ̀: àkọ́kọ́ ni náítírójìn, ìkẹta ni pòtásíọ̀mù. Ẹ mú èyí tí ìkẹta rẹ̀ ju àkọ́kọ́ lọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù nìyí: ẹ tẹ ẹ̀ka rẹ̀ síbùú. Ẹ wo ẹ̀ka tuntun tó ń gùn lọ sókè ṣánṣán. Ó ki, ẹ̀gún rẹ̀ gùn, ewé rẹ̀ jìnnà síra, kò sì sí òdòdó kankan lára rẹ̀. Orí ẹ̀ka yẹn ló ń dí àwọn èéhù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ láti hù. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ sórí wáyà nígbà tó ṣì tutù, torí bó bá ti gbó, á dá ni, kí ẹ sì fi àkísà rírọ̀ so ó. Ìdí ewé kọ̀ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹ̀ka kéékèèké, àwọn yẹn ló máa tanná.

Ẹ sún mọ́ ọn wò dáadáa nígbà náà. Ohun tó pupa tàbí tó ní àwọ̀ osùn yẹn, ewé ni, ó fẹ́lẹ́ bíi bébà, mẹ́ta-mẹ́ta ló ń jókòó pọ̀. Òdòdó gan-an ni ohun tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá oníhò tó so mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tó ń là ní funfun lórí. Bí funfun yẹn bá ti rọ, tí àwọ̀ ewé náà sì ṣá, àsìkò gígé ti tó nìyẹn, torí ara ẹ̀ka tuntun ló ti máa ń tanná. Àmọ́ kì í ṣe gígé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ o! Ẹni tó bá ń rẹ́ ẹ ní gbogbo ìgbà kó lè dọ́gba, ibi tí òdòdó fẹ́ yọ sí gan-an ló ń gé dànù.

Tó bá wà nínú ìkòkò, ẹ má kánjú gbé e sínú èyí tó tóbi jù ú lọ. Ó fẹ́ràn kí gbòǹgbò rẹ̀ há díẹ̀. Bó bá wá di dandan, ẹ gbé e tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, kí ẹ má ṣe gbọn ọ́n, torí gbòǹgbò rẹ̀ ò fẹ́ ìdààmú rárá.