Ṣé wọ́n tú fáànù? Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára laptop tó ń gbóná

Díẹ̀ ló kù kí n san owó bọ́ọ̀dù, pátákó inú laptop tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́. Ẹni tí mo gbé laptop mi tó ń gbóná tó sì ń kú fúnra rẹ̀ lọ bá ní Lagere, Ifẹ̀, fi blower fẹ́ ẹ láti ìta lẹ́ẹ̀mejì, ó tàn án, ó tún kú, ló bá mi orí: "Bọ́ọ̀dù ti lọ." Iye tó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ ra laptop àlòkù míì. Eruku ni o! Eruku lásán. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń lò ó. Fóòmù máa ń dí ihò ìsàlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ orí tábìlì ni tèmi ń wà.

Fáànù ń fa afẹ́fẹ́ láti ìsàlẹ̀, ó sì ń tì í jáde gba àárín àwọn irin wẹ́wẹ́ tó tò bí eyín òòyà. Ẹnu òòyà yìí gan-an, níbi tó ti kọjú sí fáànù, ni eruku ọyẹ́ Ifẹ̀ ti ń dì bí òwú. Téèyàn bá ń fẹ́ ẹ láti ìta, inú ló ń tì í padà sí. Tí wọn ò bá tú fáànù, wọn ò tíì nu nǹkan kan.

Tó bá ti ń sún mọ́ 100°C, processor, ṣíìpù tó jẹ́ ọpọlọ laptop, á dẹ ìṣísẹ̀ ara rẹ̀; tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, laptop á pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. Nítorí náà, tó bá tutù tán tó sì tún tàn dáadáa, ẹ má tètè gbà pé bọ́ọ̀dù ti kú. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n: ṣé ẹ tú fáànù?

Tí wọ́n bá ń tú u, ẹ dúró tì wọ́n. Wáyà bátìrì ni kí wọ́n kọ́kọ́ yọ lára bọ́ọ̀dù. Kí wọ́n to nọ́ọ̀tì sórí bébà bó ṣe wà lára laptop, torí gígùn wọn ò dọ́gba, èyí tó gùn sì lè gún bọ́ọ̀dù. Kí wọ́n fi ìka di fáànù mú tí wọ́n bá ń fẹ́ ẹ. Eré àsápajúdé ń bà á jẹ́. Kí wọ́n fi òwú àti isopropyl alcohol nu thermal paste (ọ̀rá tó ń gbé ooru láti ara processor lọ sára irin tó bò ó) tó ti gbẹ títí ojú processor á fi dán bíi dígí. Tuntun tí wọ́n máa fi sí i ò ju hóró ìrẹsì kan lọ. Àwọn kan ń fi ọṣẹ ìfọyín dípò rẹ̀. Kì í pẹ́ gbẹ. Rọ́bà pẹlẹbẹ tó wà lórí àwọn ṣíìpù kéékèèké, kí wọ́n dá a padà, thermal paste ò lè dí àlàfo tó wà láàárín wọn àti irin náà. Bí wọ́n bá ń de irin tó bo processor padà, kí wọ́n tẹ̀ lé nọ́ńbà 1, 2, 3, 4 tó wà létí nọ́ọ̀tì, díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Iléṣà ló bá mi tú tèmi. Odindi ni eruku náà jáde, bí ẹ̀já aṣọ. Kò kú mọ́ látìgbà náà.

Tí fáànù fúnra rẹ̀ bá ń han, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lára fáànù àtijọ́ ni kí ẹ mú lọ sọ́jà, kí ẹ sì ka wáyà rẹ̀, torí oníwáyà mẹ́ta ò lè ṣe iṣẹ́ oníwáyà mẹ́rin.