Ṣíbí Irene

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí èmi àti ìwé John Galsworthy, òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń jìjàkadì. Apá àkọ́kọ́ The Forsyte Saga, ìyẹn The Man of Property tó jáde lọ́dún 1906, ni mo fẹ́ sọ di eré orí rédíò oníṣẹ́jú 45. Ọmọ ìyá mẹ́wàá ni àwọn àgbà ilé Forsyte, olówó Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n, gbogbo wọn ló sì ti darúgbó. Ẹni tó ń kàwé lè ṣí i padà sẹ́yìn bó bá gbàgbé pé ìbejì ni James àti Swithin. Ẹni tó ń gbọ́ rédíò ò lè ṣí nǹkan kan. Mo ti yọ Nicholas, Roger àti Susan kúrò. Ti Nicholas dùn mí.

Fìlà Bosinney ló múnú mi dùn lónìí. Ayàwòrán ilé tí kò lówó lọ́wọ́ ni Bosinney, òun sì ni àfẹ́sọ́nà June, ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú ilé Forsyte. Nígbà tó lọ kí àwọn arúgbó obìnrin ilé náà, fìlà rírọ̀ aláwọ̀ eérú kan ló dé lọ. Hester, tí ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, rí fìlà yìí lórí àga ní ọ̀ọ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn, ó pè é ní ológbò, ló bá ń lé e. Fìlà kì í dún, àmọ́ arúgbó tó ń lé ológbò ń dún. Mo kọ ìlẹ̀kùn, mo kọ ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀, "Ṣù! Ṣù! Bọ́ sílẹ̀!", ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà: "Àṣé fìlà ni."

Irene gan-an ni wàhálà mi. Ìyàwó Soames, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé Forsyte, ni, kò fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti ń fà sí Bosinney. Galsworthy fúnra rẹ̀ sọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú pé ojú àwọn ẹlòmíì nìkan la fi ń rí obìnrin yìí. Lórí rédíò, ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí mo bá ní kó wá ro ẹjọ́ rẹ̀ fún wa, mo ti ba ìwé náà jẹ́. Soames ò mọ ohun tó wà nínú ìyàwó rẹ̀. Àwa náà ò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n.

Mo padà síbi oúnjẹ alẹ́ tí òun, Soames, June àti Bosinney jọ jẹ. Wọ́n mu ọbẹ̀ tán, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ẹja dé, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Bosinney ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ìgbà ìrúwé nìyí, Irene rọra tún un sọ lẹ́yìn rẹ̀. June kanra mọ́ wọn pé ìrúwé wo, kò tiẹ̀ sí atẹ́gùn. Lọ́dún 1906 yẹn náà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe The Silver Box, eré orí ìtàgé tí Galsworthy kọ. Etí rẹ̀ mọ iṣẹ́. Ṣíbí ni mo nílò, kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Mo gbé àwo tánganran mẹ́rin kalẹ̀ ní ilé ìdáná, mo fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ti Soames ń lọ déédéé, bí ẹni tó ń ka owó. Ti June ń já lu àwo. Ti Bosinney bẹ̀rẹ̀, ó dúró. Ti Irene dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fẹ́ẹ́rẹ́, kò dún mọ́. Ìgbà kẹta ni mo tó rí ìyẹn gbà, torí fíríìjì ń kùn. Mo yọ wáyà rẹ̀.

Màmá mi wọlé, wọ́n ní ta ló pa fíríìjì. Mo ní kí wọ́n má bínú, kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n fi fóònù sétí, wọ́n dijú.

"Ta lẹni tí kò jẹun yẹn?" Wọ́n ṣí ojú. "Kí ni wọ́n fi ṣe é?"