Fóònù tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn

Ọ̀rọ̀ fóònù yìí ti ń ká mi lára o. Àbúrò mi obìnrin wá bá mi lánàá, ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀. Ó ti dé ibi tó ti ń sọ ohun tó ń ba ọkàn rẹ̀ jẹ́ gan-an ni fóònù rẹ̀ bá tàn yẹ́ẹ́ lórí tábìlì. Kò gbé e. Ojú rẹ̀ kàn sáré lọ síbẹ̀, ó sì padà. "Kí ni mo tiẹ̀ ń sọ ná?" Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ pin sí.

Ní 2012, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá méjì, Przybylski àti Weinstein, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn tí kò mọra rí jókòó sọ̀rọ̀, fóònù kan tí kì í ṣe tiwọn wà nítòsí. Àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ ló pa lára jù: wọn ò fi bẹ́ẹ̀ fọkàn tán ara wọn. (Àwọn mìíràn tún un ṣe, kò fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Èmi fojú ara mi rí i ṣá.)

Bí àlejò bá ti dé báyìí, yàrá ni fóònù mi ń wà. Àbúrò bàbá mi ti bínú pé àwọn pè, n ò gbé e. Mo ṣàlàyé, wọn ò gbà.